Ewé Tí Wọ́n Yà Sí Ara Ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa ń sọ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní láílọ́ọ̀nù, àti ti àwọn nǹkan mìíràn tí a ń rà wọ inú ilé nítorí pé wọ́n ya ewé tútù sí wọn lára.

Bí ẹ bá ná ọjà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ìbáà ṣe ní Ọjà Tuntun, ìbáà ṣe ní ilé ìtajà kan ní Lagere tàbí ní Sábó, ẹ wo ara ọ̀rá tí wọ́n bá kó ẹrù yín sí dáadáa. Lára òmíràn, ẹ óò rí ewé kékeré kan tí wọ́n fi àwọ̀ ewéko yà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń sọ pé ọ̀rá náà máa ń jẹrà fúnra rẹ̀, tàbí pé ọ̀rẹ́ ilẹ̀ ayé ni. Ìyá kan tí ó ń ta oúnjẹ ní Ìlódè fi irú rẹ̀ hàn mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí kò ní wàhálà. Bí a bá jù ú nù, ilẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.” Ó tilẹ̀ fi owó lé owó rẹ̀ kí ó tó rà á. N kò bá a jiyàn lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n èsì mi nìyí.

Àwọn Òyìnbó ti ní orúkọ fún ìwà yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1986 ni ará Amẹ́ríkà kan, Jay Westerveld, kọ̀wé nípa àwọn ilé ìtura tí ń bẹ àlejò kí ó máa lo táwẹ́lì kan náà lójoojúmọ́ nítorí àtidáàbò bo ayé, bẹ́ẹ̀ owó ọṣẹ àti owó alágbàfọ̀ ni wọ́n ń dín kù fún ara wọn. Bí a bá ní kí a fi Yorùbá pè é, fífi ewé bo èérí ni. Èérí wà níbẹ̀ síbẹ̀; ewé nìkan ni ojú ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ajẹrà. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá yòókù. Kò yàtọ̀ sí wọn bí kò ṣe pé wọ́n po èròjà irin díẹ̀ mọ́ ọn, bíi kóbáàtì tàbí mángánísì, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè tètè sọ ọ́ di gbígbẹ. Bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn, yóò máa ya, yóò máa rún, títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá yóò ní ó ti jẹrà. Kò jẹrà o, ó rún ni. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń jẹrà: ekòló jẹ níbẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí jẹ níbẹ̀, ó sì di ilẹ̀ tí ẹ̀fọ́ lè hù lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí ó bá rún, ọ̀rá ni síbẹ̀. Ó kàn di wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbálẹ̀ kò lè gbá a, tí òjò fi ń gbé e wọ odò, tí ewúrẹ́ sì ń jẹ ẹ́ mọ́ koríko. (Ti èyí tí kò ní èròjà kankan nínú ju ewé tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lọ tún yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ ewé sí ara ohunkóhun.)

Nítorí rírún yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù fi ṣe òfin ní 2019, pé láti 3 July 2021, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọ ọjà wọn mọ́. Ní 2019 kan náà, Imogen Napper àti Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ri oríṣiríṣi ọ̀rá mọ́lẹ̀, wọ́n rẹ òmíràn sínú omi òkun, wọ́n sì fi òmíràn kọ́ síta gbangba. Lẹ́yìn ọdún 3, èyí tí wọ́n pè ní ajẹrà, tí wọ́n hú jáde láti inú ilẹ̀ tàbí tí wọ́n fà jáde láti inú òkun, ṣì lè gbé ẹrù ọjà. Irú kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ibi tí a ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀, ni ó pòórá nínú omi òkun láàárín oṣù 3. Nínú ilẹ̀, oṣù 27 pé, ó ṣì wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára àtigbé ẹrù mọ́. Irú ìkẹyìn yìí, ooru tí ó tó ìwọ̀n 58 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ni wọ́n fi máa ń dán an wò, nínú ọgbà ńlá tí wọ́n ti ń yí ajílẹ̀ padà déédéé. Ààtàn kékeré ẹ̀yìnkùlé wa kì í gbóná bẹ́ẹ̀ kí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èyí kan ojú ewé ìlera. Ní March 2024, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé àwọn yẹ ọ̀rá tí ó dì mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn aláìsàn 257 wò. Ọ̀rá ara ni mo ń wí níhìn-ín, kì í ṣe ti ọjà, ẹ má jẹ́ kí èdè wa kó wa sí wàhálà. Nínú 150 nínú wọn, ọ̀rá ara náà ti ní ọ̀rá ọjà wẹ́wẹ́ nínú. Ní nǹkan bí oṣù 34 tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn, ewu pé kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tàbí kí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ènìyàn, tàbí kí ó kú, jẹ́ ìlọ́po 4 àti ààbọ̀ lára àwọn tí wọ́n ní in ju ti àwọn tí wọn kò ní in lọ. Èyí kò tíì fi hàn dájú pé ọ̀rá wẹ́wẹ́ náà ni ó fà á, àwọn dókítà náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ fún mi pé kí n gba ọ̀rá tí ń tètè rún nítorí ìlera ayé, mo ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé níbo ni ó rún lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ni ó ń dẹ́rù bà mí jù. Ohun tí ń dẹ́rù bà mí ni pé ewé tí wọ́n yà yìí ń mú kí ọwọ́ wa dẹ̀. Nígbà tí a bá ti gbà pé nǹkan kan kò léwu, gọ́tà ni a ń jù ú sí, tàbí kí a kó o jọ ní ìrọ̀lẹ́ kí a ṣáná sí i. Ọ̀rọ̀ iná yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń sun ààtàn, ewé gbígbẹ, igi, èèpo àti àkísà òwú ni ó wà níbẹ̀. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ojú àti èémí, ṣùgbọ́n èéfín igi ni. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ààtàn òde òní: ọ̀rá omi, awo fóòmù tí wọ́n fi bu ìrẹsì, bàtà rọ́bà tí ó já, wáyà iná, páìpù ike, ike ìpara. Iná ẹ̀yìnkùlé kì í gbóná tó láti jó wọn tán. Ó ń sè wọ́n ni, wọ́n sì ń tú oró wọn sínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Awo fóòmù ń tú sítáírìn jáde, èyí tí àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kà ní 2018 mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó fa jẹjẹrẹ. Wáyà àti páìpù tí a fi PVC ṣe burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èròjà kíloríìnì tí ó wà nínú wọn. Bí wọ́n bá ń jó lábẹ́ ooru kékeré, wọ́n ń di oró tí a ń pè ní dáyọ́síìnì. Oró yìí kì í tètè lọ. Ó ń bà sórí koríko, ewúrẹ́ ń jẹ koríko, adìẹ ń ta ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń wọ inú ọ̀rá ẹran àti inú ẹyin, àwa náà sì ń jẹ ẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó máa ń tó ọdún 7 sí ọdún 11 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ara ènìyàn. Ó lè fa jẹjẹrẹ, ó sì lè ba ìdàgbàsókè ọmọ tí ó wà nínú oyún jẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti èéfín ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dáná lè ti wọlé lọ kí ó ti fèrèsé, kí èéfín máa tọ ọmọ aládùúgbò lọ lórí ẹní. Àwọn ọmọ kéékèèké, àwọn aboyún, àti àwọn tí èémí wọn máa ń há ni ó ń kọ́kọ́ mú. Kò sì sí ewé tí wọ́n lè yà sí ara ọ̀rá tí yóò yí èéfín rẹ̀ padà di ti igi. Eérú rẹ̀ náà kò ṣeé dà sí ìdí ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé eérú ààtàn àtijọ́ máa ń mú ẹ̀fọ́ tútù yọ̀yọ̀. Ààtàn ti yí padà, ẹ jọ̀wọ́.

Láti inú iná, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sínú ìkòkò. Ọ̀rá dúdú tí a ń kó àkàrà gbígbóná sí, òmíràn nínú rẹ̀ ni wọ́n rọ láti inú ọ̀rá àlòkù, wọ́n sì lè fi ìyẹn pọ́n ọn lé pé ó ń gba ayé là. Ó dára kí a tún nǹkan rọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ohun tí ọ̀rá àlòkù náà ti gbé rí, oògùn kòkòrò ni tàbí ọṣẹ? Èyí tí ó dára fún gbígbé bàtà kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí epo gbígbóná kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín tí a ń sè nínú ọ̀rá fún wákàtí kan nínú omi tí ń hó. Ewé iran wà. Igbó ẹkùn wa ni ó ti ń hù, kò sì sí ilé iṣẹ́ tí ó ní láti ya àwòrán sí i lára kí a tó mọ̀ pé yóò jẹrà. Èso rẹ̀ gan-an ni àwọn Òyìnbó fi ń ṣe èròjà aládùn tí ń jẹ́ thaumatin, tí ó dùn tó nǹkan bí ìlọ́po 2,000 ṣúgà. Ẹni tí ó bá rà á kí ó fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó nu iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ewé náà lè ní ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kòkòrò. Mo gbà pé ó lè wọ́n ju ọ̀rá lọ, àti pé ó gba àkókò. Ẹni tí kò bá rí i rà lè lo agolo tí kò dípẹtà tàbí abọ́ tánganran.

Ní 21 January 2024 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn fi òfin de awo fóòmù, wọ́n sì ṣe rere. Ṣùgbọ́n ní kété tí fóòmù bá ń lọ, abọ́ pépà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó ń dé, tí gbogbo ènìyàn ń rò pé pépà lásán ni. Pépà lásán kì í gba ọbẹ̀ dúró. Ẹ fi èékánná ha inú irú abọ́ bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ óò rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Àpò tí a ń pín níbi ìnáwó ńkọ́? Èyí tí ó dà bí aṣọ, tí wọ́n tẹ àwòrán olóyè tuntun tàbí ti òkú àgbà sí lára? Ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe ohun burúkú bí a bá ń lò ó lọ sọ́jà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò ní 2011 pé irú àpò bẹ́ẹ̀ ní láti lọ sọ́jà nígbà 11, àpò òwú sì ní láti lọ nígbà 131, kí ìpalára tí ṣíṣe rẹ̀ ń ṣe fún ojú ọjọ́ tó má ju ti ọ̀rá lásán tí a lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá ní ogún irú rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó sì tún ń gba ọ̀rá lọ́jà, kò tíì ṣe ayé lóore kankan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un nítorí àwọn ọmọdé: kọ́ìlì ẹ̀fọn aláwọ̀ ewé, pàápàá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ewéko ni wọ́n fi ṣe é. Lóòótọ́ ni pé inú òdòdó kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú oògùn tí ń pa ẹ̀fọn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn nìkan ni a ń mí. Èéfín ìyẹ̀fun tí ń jó ni. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan kọ sínú ìwé ìròyìn Environmental Health Perspectives pé eruku èéfín kíkúnná tí ń jáde láti ara kọ́ìlì kan ṣoṣo tó ti sìgá 75 sí 137. A kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tuntun, síbẹ̀ a ń ti ilẹ̀kùn mọ́ kọ́ìlì títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ ta. Kí ẹ sì rántí ohun tí wolé-wolé máa ń wá nígbà tí ó bá yọjú sí ìkòkò omi àwọn ìyá wa: tanwíjí. Lónìí, inú ike àti ọ̀rá tí a jù sí ẹ̀yìnkùlé ni tanwíjí ń gbé, bóyá ewé wà lára wọn tàbí kò sí.

Ta ni kí a wá bá wí? N kò rò pé ìyá aláàkàrà ni. Ohun tí wọ́n bá kó wá fún un ni ó ń lò, kò sì sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lábẹ́ àtẹ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí ara ọjà rẹ̀ ni kí ó wá jẹ́rìí sí i. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ tan ẹni tí ń ra ọjà. Ní Yúróòpù, wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 2024, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 27 September 2026, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn kọ ọ́ sí ara ọjà pé ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àyíká láìní ẹ̀rí. N kò rí ìdí tí kò fi yẹ kí a lo òfin tiwa náà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ibo ni ọ̀rá náà yóò ti jẹrà, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, kí ni yóò sì kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọn kò bá lè kọ èyí, kí wọ́n nu ewé náà kúrò.

Ní ti pàǹtí inú ilé, iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kò gba owó. Ní ọ̀pọ̀ ilé, èyí tí ó wúwo jù nínú garawa pàǹtí ni èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo àti ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ láti ìdí ààrò. Ẹran ọ̀sìn lè jẹ nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó ìyókù sí ihò kékeré kan, kí ẹ máa fi ewé gbígbẹ àti ilẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí ẹ máa yí i padà. Òórùn àti eṣinṣin tí ń lé wa láti dáná sun pàǹtí, inú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti ń wá; bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, èyí tí ó kù yóò gbẹ, yóò sì fúyẹ́, ẹ lè fi pamọ́ di ọjọ́ tí akólẹ̀kódọ̀tí yóò dé. Ọ̀rá omi tí kò dọ̀tí àti ike omi, ẹ gbẹ wọ́n kí ẹ kó wọn jọ, nítorí àwọn kan wà tí ń fi kílò rà wọ́n. Bátìrì kò gbọdọ̀ bá wọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ ihò ajílẹ̀.

Àwa ará Ifẹ̀ kò ṣàjèjì sí lílo àlòkù. Àpáàdì ni wọ́n tò ní ìnàró mọ́ ilẹ̀ àwọn òpópónà àtijọ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde ní ìlú yìí, ìtàn sì ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba, ni ó ní kí wọ́n ṣe é, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ó ti lé ní ọdún 500, a ṣì ń rí wọn nílẹ̀. Àpáàdì kò sọ pé òun yóò jẹrà, kò sì jẹrà; ó kàn ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an.

Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, kí ó wá ìkòkò òdòdó kan tàbí agolo tí ó ti jò nídìí, kí ó kún un fún ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kí ó gé ọ̀rá ajẹrà náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kí ó ri í mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé iran kan, kí ó máa bomi rin ín bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí ara ìkòkò náà, kí ẹ hú u lẹ́yìn oṣù 3, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọdún bá yí po, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ewé yìí.